Ẹ Má Fi Kílò Ta Mọ́tò Bàbá Yín: Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì fún Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀, ẹ̀yin ará Ọ̀sẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, ẹ dákun, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi dọ̀la. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ń wọ àdúgbò wa láti ojúlé dé ojúlé, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ìwọ̀n àgbékọ́ àti owó lápò. Ohun tí wọ́n ń béèrè ti kọjá ìkòkò tó lu àti páànù tó dípẹtà. Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, tó wà lẹ́yìn ilé, ni wọ́n ń béèrè, Peugeot 404 tó wà lábẹ́ igi mángòrò, 504 tí kò tíì kúrò lójú kan láti ìgbà tí bàbá ti kú, Mercedes tí ìyá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Kílò ni wọ́n fi ń rà á. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tà á fún wọn. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tó ti ń fojú sí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ará ilé tàbí aládùúgbò, tí ẹ ń sọ pé ẹ ó rà á bó bá yá, ó ti yá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà kì í dúró wò ó. Bátìrì àti rádíétọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ, nítorí òjé àti bàbà inú wọn lówó lórí ju irin lọ. Wọ́n á fi òòlù fọ́ gílásì kó má baà ṣe wọ́n léṣe. Wọ́n á fa ìjókòó jáde, wọ́n á sọ fóòmù rẹ̀ sínú igbó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé àáké tàbí iná gáàsì ti òpó tó gbé òrùlé rẹ̀ dúró. Òrùlé á wó, ilẹ̀kùn á bọ́, wọ́n á tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì pọ̀ kó lè gba inú ọkọ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ohun tó gbé ìyàwó wá láti ilé àna rẹ̀, tó gbé aboyún lọ sí ọsibítù lóru, tó gbé òkú bàbá àgbà wálé, á ti wà lórí ìwọ̀n ní ègé-ègé. Ọ̀nà Ìkòròdú àti Ògíjo, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ni ẹrù náà ń lọ. Ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń ṣe dẹ́kìn ilé ló máa dà níbẹ̀. N kò bá àwọn tó ń ra irin jà o. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni, irin tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni sì pọ̀ nílẹ̀ wa tó èyí tí wọ́n lè máa kó. Èyí tó wúlò ni mo ní kí a gbà sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹni tó tà á nìkan ló ń kábàámọ̀. Rárá. Ẹni tí wọ́n fi lọ̀ tí kò rà, àbámọ̀ tirẹ̀ le jù, nítorí kò gba owó, kò sì rí mọ́tò. Ẹ jókòó ti àwọn àgbàlagbà níbi ìnáwó òkú àgbà, tàbí níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, kí wọ́n ṣáà ti jẹun tán. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì á ní nígbà tí wọ́n gbé ọ̀gá òun lọ sí ìlú mìíràn, ó fi Ìjàpá rẹ̀ lọ òun, ó ní kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀, òun sì ní òun ń kọ́lé lọ́wọ́. Mẹkáníìkì á ní wọ́n fẹ́ fi 404 dí gbèsè iṣẹ́ tí òun ṣe, òun kọ̀, owó ni òun fẹ́. Oníkòkó á ní opó kan ránṣẹ́ sí òun pé kí òun wá wo Mercedes ọkọ òun, òun kò lọ nítorí ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ẹnìkan á wá béèrè pé, “Níbo ni mọ́tò ọ̀hún wà báyìí?” Ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn máa ń fún un: wọ́n ti gé e. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ó yẹ kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000 mọ ohun tó wà nínú irin tó dípẹtà yìí. Tipẹ́tipẹ́ ni ilé iṣẹ́ Mandilas ti ń kó Volkswagen wọlé, tí ilé iṣẹ́ SCOA ń kó Peugeot, ṣùgbọ́n mọ́tò ṣì jẹ́ ti ọba, ti dókítà, ti olóṣèlú àti ti oníkòkó ńlá. Ní 1974, ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága fún dábàá pé kí ìjọba fowó kún owó oṣù òṣìṣẹ́. Nígbà tí owó Udoji jáde pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ rẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ọjọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ronú mọ́tò. Mọ́tò náà sì wà nílẹ̀, nítorí ní 1975, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ilé iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò nílẹ̀ wa: ti Peugeot ní Kàdúná ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, ti Volkswagen ní Ọ̀jọ́ nílùú Èkó ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà.

Lọ́dọ̀ wa, mọ́tò tíṣà ni Ìjàpá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́ni ní Imade College, àti ní Owo High School tí Olóyè Michael Adekunle Ajasin dá sílẹ̀ ní 1963, àti àwọn nọ́ọ̀sì, àlùfáà ìjọ àti akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣẹsẹ̀ rìn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ẹrù ló wà níwájú. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì náà, kò ní rádíétọ̀ tí omi yóò gbẹ nínú rẹ̀ bó bá ń gun òkè Ìdóàní. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó bá mọ síbánà lò lè tú u palẹ̀ lábẹ́ igi, kó tò ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ti 404 tún yàtọ̀. Ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń sá lójú ọ̀nà eléruku àti ẹrẹ̀, 404 ló gbégbá orókè níbẹ̀ ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Agbára yẹn náà ló fi gbé kòkó, iṣu àti pákó jáde láti àwọn oko Ùtẹ̀, Arimogija àti Okeluse nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ kò rí ọ̀dà rárá. Pikọ́ọ̀pù rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn jù. Ẹ óò ṣì rí òmíràn tí ó jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló kù, tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Ní ti 504, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Faransé gbé e jáde ní 1968, wọ́n sì fi oyè mọ́tò ọdún ní Yúróòpù dá a lọ́lá ní 1969. Iná iwájú rẹ̀ gùn, ó dà wálẹ̀ létí. Bùùtù rẹ̀ ṣẹ́ níbi tó ti ń lọ sílẹ̀, ẹ ó sì dá a mọ̀ láti òkèèrè. Èyí tó gùn, tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, sípíríìngì mẹ́rin ló gbé ẹ̀yìn rẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ìdí nìyẹn tí kò fi wólẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ki èrò àti ẹrù mọ́ ọn ní gáréèjì Ọ̀wọ̀, tó ń lọ Bìní, tó ń lọ Àkúrẹ́, tó ń lọ Èkó, tó sì ń padà wá lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá ti ju àádọ́ta ọdún lọ nílẹ̀ wa, tí kò bá tíì jókòó lẹ́yìn pátápátá nínú wágìnì yẹn kí orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n rẹ̀, bóyá kò rìnrìn àjò ni.

Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn kò rà á nígbà tó wà lọ́wọ́? Wọ́n ní ìdí, n kò sì ní bú wọn. Ní oṣù kẹsàn-án 1986, ìjọba Babangida tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Mọ́tò tuntun di ohun tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ kò tó mọ́. Tòkunbọ̀ bá wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti Kútọnu: Datsun, Toyota, Honda, tí kò mu epo púpọ̀, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kún ọjà Ládípọ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ṣì ń wa Ìjàpá, ojú aláìní ni wọ́n fi ń wò ó. Àwọn ọmọ mìíràn á ní kí bàbá já àwọn sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà iléèwé. Nítorí náà, nígbà tí onímọ́tò bá ní, “Gba èyí, kí o mú ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ wá,” èsì ni pé, “Kí ni mo fẹ́ fi pàǹtí ṣe?” Ìtìjú ló pa ọ̀pọ̀ mọ́tò dáadáa sẹ́yìn ilé nílẹ̀ wa. Ẹ́ńjìnnì wọn kò ní àrùn kankan lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn dúró síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Èyí tó bá lọ báyìí kò ní í padà. Kò síbi tí wọ́n ti ń ṣe Ìjàpá àtijọ́ mọ́ lágbàáyé. Ilé iṣẹ́ tó kẹ́yìn, ní Puebla ní Mẹ́síkò, gbé àṣekẹ́yìn jáde ní ọjọ́ 30 oṣù keje 2003, lẹ́yìn tí iye gbogbo èyí tí wọ́n ṣe ti lé ní mílíọ̀nù 21. Ti Ọ̀jọ́ ti dákẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Kàdúná ń to 504 títí di nǹkan bí 2005, lẹ́yìn ìyẹn ó pin. Ẹnìkan lè ní a ó lọ rà á lókè òkun wá. Òfin kò gbà. Mọ́tò àlòkù tó bá ti ju ọdún 12 lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ní a kò gbọdọ̀ kó wọ Nàìjíríà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017 ni ìjọba sì ti ní kí mọ́tò kankan má gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Nítorí náà, 404 ti 1970 tí ẹ bá gbà láti Sẹ̀mẹ̀, fàyàwọ́ ni, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e lójú ọ̀nà tàbí nínú ọgbà yín. Ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀ yìí ni gbogbo ohun tí a ní.

A sì ti fọwọ́ ara wa dín ìwọ̀nba náà kù tẹ́lẹ̀. Nígbà rògbòdìyàn ìdìbò ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1965 wọ 1966, tí à ń pè ní wẹ́tìẹ̀, wọ́n jó mọ́tò àwọn olóṣèlú àti ti olówó káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù kẹjọ 1983, nígbà tí wọ́n kéde pé Akin Omoboriowo ló wọlé ìbò gómìnà dípò Ajasin, iná tún sọ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ̀mí lọ, ilé àti mọ́tò jóná, kí kóòtù tó dá ipò gómìnà padà fún Ajasin. Mọ́tò tó dára jù lọ ló bá iná méjèèjì lọ, nítorí àwọn tí wọ́n ń wá kiri ló ni wọ́n. Èyí tó yọ nínú wẹ́tìẹ̀, tó yọ nínú ti 1983, tí ewéko wá bò mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, òun ni a fẹ́ fi ọwọ́ ara wa gbé lé orí ìwọ̀n.

Ẹni tó bá ní kò sí ẹni tó fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́, kó lọ sí Mùsíọ̀mù Àpapọ̀ ní Onikan, nílùú Èkó. Mercedes dúdú tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1976 wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpá ọta ìbọn lára rẹ̀. Ọmọ iléèwé tí wọ́n ti kọ́ ní ìtàn náà lórí pátákó, ìgbà tó bá dúró níwájú irin yẹn ni ọ̀rọ̀ ń yé e.  Àwọn tó ń ya fíìmù náà ń wá mọ́tò àtijọ́. Ìlárá-Mọ̀kín, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, wà lára ibi tí Kunle Afolayan ti ya October 1, fíìmù tó jáde ní 2014, tí ìtàn rẹ̀ dá lórí ìgbà tí a fẹ́ gba òmìnira ní 1960. Ẹni tó bá fẹ́ ya fíìmù ayé ìgbà yẹn kò lè gbé Corolla síwájú kámẹ́rà, àfi kó wá mọ́tò ìgbà náà kàn. Àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó ń béèrè rẹ̀, àwọn tó ń sìnkú àgbà ń béèrè rẹ̀.

Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àlá owó rẹpẹtẹ tàn yín. Lóòótọ́ ni wọ́n ta Mercedes 300 SLR kan ti 1955 ní mílíọ̀nù 135 yúrò ní oṣù karùn-ún 2022. Méjì péré ni wọ́n ṣe irú rẹ̀. Mercedes tí ọ̀pọ̀ bàbá nílẹ̀ wa rà láàárín 1976 sí 1985, èyí tí Jámánì ṣe lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀. Ẹ má tìtorí ìròyìn yẹn lé oníbàárà gidi padà. Iye tó yẹ ni iye tí ẹni tó máa tún un ṣe lè san, kó sì ṣẹ́ owó kù tí yóò fi tún un ṣe.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á gbọ́ èyí tó kàn yìí dáadáa, nítorí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ẹni tí àbámọ̀ ń dà láàmú rọrùn láti lù ní jìbìtì, àwọn gbájúẹ̀ sì mọ̀. Wọ́n á fi àwòrán 504 tó ń dán ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù. Wọ́n á ní opó kan ló ni ín ní Ìfọ̀n, pé ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà fẹ́ kó tètè kúrò nílẹ̀, pé àwọn ará Èkó ń bọ̀ wá wò ó lọ́la, kí ẹ yára fi àsansílẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n lè bá yín dì í mú. Ẹ má fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan mọ́tò, kí ẹ tó rí ẹni tó ni ín lójúkojú, kí ẹ tó béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò.

Ẹ má sì dá lọ. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ̀n kì í ṣe ọ̀nà tí à ń fi ìrọ̀lẹ́ tọ̀ pẹ̀lú owó nínú báàgì. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá 2020, Olúfọ̀n ti Ìfọ̀n, Ọba Israel Adeusi, ń ti ìpàdé àwọn ọba bọ̀ láti Àkúrẹ́ nígbà tí àwọn agbébọn dá a lọ́nà ní Ẹlẹ́gbẹ̀kà, tí wọ́n sì pa á. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọba, ta ni wọ́n máa dá sí? Ẹni tó bá ní mọ́tò tòótọ́ láti tà yóò gbà kí ẹ wá lọ́sàn-án, pẹ̀lú ẹni méjì tàbí mẹ́ta, sí àárín ìlú. Bí mọ́tò náà kò bá lè rìn, kí ẹ lọ sọ fún baálẹ̀ tàbí olóyè àdúgbò kí ẹ tó wọ inú ọgbà. Ẹni tó bá ní àfi inú oko, tó tún ní kí ẹ mú owó dání, ẹ pa fóònù mọ́ ọn létí, kí ẹ sì sọ fún ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn.

Bí ẹ bá wá dé ìdí mọ́tò, ẹ má wo ọ̀dà. Ẹni tó fẹ́ tà lè fi ọ̀dà bo ohun tó wù ú mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Bó bá jẹ́ Ìjàpá ni, ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Abẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún ni bátìrì ń gbé, ásíìdì tó ń kán látara bátìrì fún ọ̀pọ̀ ọdún sì lè ti jẹ ilẹ̀ mọ́tò náà tán. Ẹ fi ẹ̀yìn síbánà kàn án díẹ̀díẹ̀. Bó bá dún ko, irin ṣì wà; bó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí ẹ rí koríko lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ajórin tí ẹ máa san lówó nìyẹn, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ máa dá. Ibẹ̀ náà ni nọ́ńbà ṣáàsì wà, wọ́n fín in sára irin tó ga ní àárín mọ́tò. Ẹ fi àkísà àti kẹrosíìnì nù ún, kí ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé ti inú ìwé. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, tàbí tí ojú irin níbẹ̀ ti rí bí ibi tí wọ́n fi fáìlì ha, ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ sílé. Nọ́ńbà 504 wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ní ti Mercedes, ibi tí wọ́n ń gbé jáàkì sí lábẹ́ rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ gílásì iwájú ni ìpẹtà máa ń kọ́kọ́ jẹ, ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn.

Ìwé tún kù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ́tò yìí, olówó wọn ti kú, tí kò sì kọ ìwé ìhágún sílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo kò lágbára láti dá ta ohun tí bàbá fi sílẹ̀, ìbáà jẹ́ òun ló ń gbé inú ilé náà, ìbáà jẹ́ òun ló sin bàbá. Ilé ẹjọ́ gíga ló ń fún ẹbí ní ìwé àṣẹ láti pín ogún. Kí ẹ rí ìwé náà, tàbí ó kéré tán, kí gbogbo ọmọ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gbà, títí kan èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti èyí tí kò bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì tó ń fún mọ́tò níwèé, kí ẹ sì fi nọ́ńbà rẹ̀ tó àwọn ọlọ́pàá létí ní ibi tí wọ́n ti ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀. Mọ́tò tó ti dúró fún ogún ọdún lè dá ìjà ogún ọdún sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ tún dún.

Ẹ̀yin tí ẹ ní in, tí ẹ kò sì ṣetán láti tà á tàbí láti tún un ṣe, ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe kò náni lówó púpọ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni iná igbó ń jó oko àti àkúrí, gbogbo wa sì mọ bó ṣe ń yára. Ẹ ro yípo mọ́tò náà, kí ẹ gbá ewé gbígbẹ abẹ́ rẹ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì bá yín fa epo àtijọ́ inú táǹkì jáde níta gbangba, jìnnà sí iná àti sìgá. Ẹ yọ bátìrì, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọ́ ọ ṣeré, májèlé ni òjé inú rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ sórí pákó líle tó nípọn kí taya má baà jẹrà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Ọ̀rá tí àwọn kan fi ń wé mọ́tò yíká kò dára: ooru á mú kí omi sẹ̀ sínú rẹ̀, omi náà ló máa jẹ irin. Páànù díẹ̀ lórí òpó mẹ́rin, kí atẹ́gùn máa fẹ́ yí i ká, ó tó. Ìwé rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ fi wọ́n síbi tí ìwé ilẹ̀ wà.

Mo tún ké sí àwọn tó wà nípò. Ní 1971, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo hú àwọn ère amọ̀ jáde ní Igbó'Lájà níbí ní Ọ̀wọ̀, ohun tó ti wà nínú ilẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, gbogbo ayé sì ń wá a wò di òní. Amọ̀ lè dúró de awalẹ̀pìtàn. Irin kò lè dúró nínú òjò Ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún. A ní mùsíọ̀mù ní Ọ̀wọ̀ láti 1968. A ní ààfin Ọlọ́wọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì gbòòrò. A ní Rufus Giwa Polytechnic, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí mùsíọ̀mù bá gba 404 kan ṣoṣo tó gbé kòkó rí, tí poli sì gba Ìjàpá kan ṣoṣo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti tú, kí wọ́n sì tò ó padà, àwọn ẹbí tí kò ní àyè mọ́ á mọ ibi tí wọ́n lè fa mọ́tò bàbá wọn lé lọ́wọ́. Kí àwọn tó ń darí ibẹ̀ jọ̀wọ́ tètè sọ fún aráàlú pé àwọn ṣetán láti gbà, kí wọ́n sì kọ ìwé fún ẹbí tó bá fún wọn.

Ní ti òní, ẹ pe ilé kí ẹ tó sùn. Ìyá tó dá wà nílé ní Ìpele, àbúrò tó ń ṣọ́ ilé ní Ìfọ̀n, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ìdóàní, ẹ sọ fún wọn pé bí ẹnikẹ́ni bá dé pẹ̀lú ìwọ̀n, kí wọ́n ní ogún ni, àwọn ọmọ kò sì tíì pàdé. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ mọ́tò tí ẹ fẹ́, tí ẹ mọ ilé tó wà àti ẹni tó ni ín, ẹ mú ẹlẹ́rìí méjì lọ́sàn-án ọ̀la, kí ẹ lọ kí ìyá náà, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ lè san fún un.